A Tu Ú, Ó Tú

Ohun tí yóò sọ odidi àdúgbò di aláròyé, kékeré ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ewéko tí à ń wí yìí, nígbà tó kọ́kọ́ yọjú létí gọ́tà, kò ju ìka ọwọ́ lọ: ewé tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-mẹ́ta, tútù yọ̀yọ̀, bí ewé àlùbọ́sà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta. Ẹni tó rí i fò ó dá. Ẹni tí kò rí i tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gba abẹ́ ọgbà wọlé, ó ti la àárín bíríkì jáde, ó dúró sójú ọ̀nà bí àlejò tó gbé àpótí dání tí kò sì sọ ọjọ́ tí yóò padà. Nínú ebè ẹ̀fọ́, òun náà ni. Lábẹ́ okùn tí a ń sá aṣọ sí, òun náà ni. Orí pápá oníkoríko Bàbá Tíṣà, èyí tí Bàbá máa ń gé bí ẹni ń gé irun ọmọ tó ń lọ síléèwé, ibẹ̀ gan-an ló fi ṣe ààfin.

Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lára Bàbá Tíṣà. Ó pe gbogbo ará àdúgbò sí ìpàdé níwájú ilé rẹ̀, ó ní kí kálukú gbé àga tirẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní:

"Kí á tó wá ọ̀daràn, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Màmá Àmín, ẹ bá wa ṣe é."

Aránṣọ ni Màmá Àmín. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí ọkọ rẹ̀ nìkan ń pè, ìyẹn nígbà tó bá ń wá ìbọ̀sẹ̀. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí wọn kì í ní kó gbàdúrà sí: ilé tuntun, ọkọ̀ tuntun, eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ọ̀rọ̀ a máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí òwú ṣe ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́, kò sì sí nǹkan tí kò ní oríkì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pàápàá ní: "Ẹlẹ́sẹ̀ irin tí ń sáré lójú kan, a-jẹ-òwú-má-yó, bá mi jẹ ti òní kó o má já a." Ẹni tó bá gbọ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀, tó dákẹ́ láì ṣe Àmín, àfi kó jẹ́ odi.

Màmá Àmín dìde, ó so gèlè le. Òun náà ti bínú sí ewéko yìí, nítorí ó ti hù sábẹ́ fèrèsé rẹ̀.

"Ọlọ́run tó dá koríko, tó mọ iye rẹ̀," ó ní, "Ìwọ lo mọ ẹni tó gbé èyí wọ àárín wa. Ẹni yòówù kó jẹ́, bó jókòó síbí, bí kò jókòó síbí..."

"Àmín!"

"Má jẹ̀ẹ́ kó rí ìsinmi títí yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ tu ú!"

"Àmín!"

"Kó má bẹ̀wẹ̀, kó má ránṣẹ́!"

"Àmín!"

"Kó tu ti ojúlé, kó tu ti ẹ̀yìnkùlé, kó tu ti orí pápá Bàbá Tíṣà, kó má ku ẹyọ kan!"

"Àmín lọ́nà ẹgbẹ̀rún!" Bàbá Tíṣà fò sókè lórí àga, àfi bíi pé wọ́n ti bá a tu ìdajì rẹ̀.

Àdúrà náà dùn débi pé ìpàdé fẹ́rẹ̀ẹ́ má nítumọ̀ mọ́. Wọ́n tú ká, kálukú gbé àga rẹ̀, wọ́n ń yin Màmá Àmín lọ sílé. Ẹyin lohùn o, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọkọ Màmá Àmín kò lọ sípàdé. Ọkọ̀ ẹrù ló ń wà títí orúnkún rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́, láti ìgbà náà ni ó ti fi àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bá a, ó di nǹkan kan mú láàárín ìka méjì.

"Ìyá, wo àlejò," ó ní. "Ẹni tí ẹ lọ ṣèpàdé lé lórí, ó ti wá kí mi nílé. Inú ihò àtẹ̀gùn yìí ni mo ti fà á."

Màmá Àmín gbà á. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó gbà á. Nígbà tó wo ìdí rẹ̀, ẹ̀rín náà dúró lójú kan bí ẹ̀rọ tí òwú rẹ̀ já. Ìdí ewéko náà funfun, ó rí róbótó bí orí àlùbọ́sà kékeré, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bí hóró ìrẹsì sì rọ̀ mọ́ ọn yíká.

Ó mọ àwọn ọmọ yẹn.

Lẹ́yìn ilé, nínú bàsíà kan tí etí rẹ̀ ti là, òdòdó kan wà tí Màmá Àmín fẹ́ràn jù lọ láyé. Ẹyọ orí kan ló rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri òdòdó. Ọkùnrin náà kò sọ orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló pè é ní Ayaba. Láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, yóò dúró tì í, yóò máa kì í:

"Ayaba onífìlà funfun,
Ajífọ̀rọ̀-dídùn-kí-ni, òórùn lo fi ń sọ tìrẹ.
Abiyamọ abẹ́ ilẹ̀,
O bí sọ́tùn-ún, o bí sósì,
O ò jẹ́ ká mọ èyí tó ṣe àkọ́bí.
Gbilẹ̀ o! Bó o ti ń gbilẹ̀, kí tèmi náà máa gbilẹ̀."

Ó sáré débẹ̀, ó fi ìka wa ẹ̀gbẹ́ bàsíà, ó fa ọ̀kan jáde. Ó wo ti ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ti ọwọ́ òsì. Ó gbé ti ọ̀tún sósì, ó gbé ti òsì sọ́tùn-ún, bóyá wọn yóò yàtọ̀ nígbà náà. Ìbejì ni wọ́n.

Ọkọ rẹ̀ ti tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó ń tiro.

"Ta ló gbàdúrà lónìí?" ó bi í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo gbọ́ ọ láti ibí. Ta ló ní kó má bẹ̀wẹ̀?"

"Mo ní ẹ jọ̀ọ́!"

"Ó wù mí kí n bá ọ tu díẹ̀ o. Àmọ́ tí n bá ràn ọ́ lọ́wọ́ báyìí, mo ti di alátakò àdúrà. Orúnkún mi náà sì ti ṣe Àmín."

Màmá Àmín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń rántí. Gbogbo aṣọ tó bá rán tán, tó bá ká a fún oníbàárà, ó máa ń fi igi òdòdó Ayaba tó ti gbẹ há okùn tó fi dì í, pẹ̀lú ìbùkún: "Ẹ ó gbilẹ̀." Kóró dúdú wínníwínní ló máa ń wà lórí igi òdòdó yẹn. Àwọn oníbàárà á délé, wọ́n á tú ìdì, wọ́n á gbọn aṣọ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ti ń rán ọ̀tá sí wọn, ó tún ń fi okùn dì í dáadáa.

"Bàbá, ṣé a ò lè yí i padà?"

"Ìwọ lo ń ránṣọ. Tí aṣọ kò bá bá ènìyàn mu, kí lo máa ń ṣe sí i?"

"Mo máa ń tú u."

"Tú àdúrà náà nìyẹn, kó o tún un rán."

"Àdúrà kì í ṣe ṣòkòtò, Bàbá. Wọ́n ti ṣe Àmín. Àmín ni kókó ìdí òwú."

Kì í ṣe iṣẹ́ títu ló ń dẹ́rù bà á. Ẹni tó ti fi abẹ́rẹ́ rán odidi àgọ́ kò ní sá fún koríko. Ohun méjì ló ń dùn ún. Ó ti ní kó má ku ẹyọ kan, Ayaba sì wà nínú ẹyọ kan náà. Èkejì ló wá burú jù: tí àdúgbò bá mọ̀, ọjọ́ wo ni yóò tún la ẹnu rẹ̀ tí wọn yóò ṣe Àmín sí i? Wọn yóò kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn ná, bóyá òun ló tún fà á. Àdúrà tí kò lélégbè, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dá sọ ni.

Ló bá gbé Ayaba wọlé, ó gbé e sẹ́yìn kọ́tìnnì níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń wọ aṣọ wò, ó sì da aṣọ bò ó. Lẹ́yìn náà ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu.

Ó tu ti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ó tu ti iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Yóò fà á tu, yóò gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù gbọ̀n-gbọ̀n bí obìnrin tó ń gbọn ẹní, yóò jù ú sínú agbọ̀n.

"Ẹ wò ó!" Bàbá Tíṣà ń pariwo láti orí pápá rẹ̀. "Òun kọ́ ló gbìn ín, òun ló ń tu ú! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá wo ìwà ọmọlúàbí! Màmá Àmín, ọmọ ẹni tó ń ru ẹrù ẹlẹ́rù!"

"Ẹ ṣé, Bàbá Tíṣà." Gbogbo ìyìn náà ń gún un bí abẹ́rẹ́ tó sọnù sínú aṣọ.

"Ẹni tó gbé e wá, ojú yóò tì í o!"

"Ó ti ń tì í, Bàbá."

Òjò rọ̀. Nígbà tí oòrùn yóò fi yọ, gbogbo ibi tó ti tu ẹyọ kan, odidi ìdílé ló jókòó síbẹ̀, wọ́n mú àna wọn wá. Màmá Àmín tún tu ú, ó tún gbọ̀n ọ́n, òjò tún rọ̀. Nígbà tó yá, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń rí ewé tútù lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ní kí ẹni náà má rí ìsinmi?

Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Màmá Àmín, ló mú ọ̀ràn náà dé ibi tí kò ṣeé fi ṣeré mọ́. Ó yọ sí àwọn ará àdúgbò níwájú ìsọ̀ Màmá Àmín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, agbọ̀n lọ́wọ́, orí ewéko náà funfun báláú nínú rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́.

"Ẹ̀ ń bínú sí oore," ó ní. "Àlùbọ́sà ni! Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ wo ewé rẹ̀. Ọlọ́run fún wa ní àlùbọ́sà ọ̀fẹ́, ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

"Kì í ṣe àlùbọ́sà," Bàbá Tíṣà ní. "Òdòdó lílì ni."

"Lílì wo? Ẹ gbóòórùn rẹ̀!"

Bàbá Tíṣà kò jiyàn. Obìnrin kan wà tí òun ti kọ́ ní kékeré, tó ń ṣiṣẹ́ báyìí nílé iṣẹ́ ọ̀gbìn, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa mọ ewéko kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó ti ránṣẹ́ pè é láti àná. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi dé, ó so awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá mọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá."

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní a, b, d!" Bàbá Tíṣà ń sọ fún gbogbo ènìyàn. "Ẹ máa pè é ní Dókítà Ewéko. Ọmọ mi, sọ fún wọn pé lílì ni."

Dókítà Ewéko bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀kan. Ó já ewé kan, ó fi ìka fọ́ ọ, ó gbé e símú. "Kò rùn bí àlùbọ́sà."

"Ó ń rùn!" Ìyá Ìbejì já tirẹ̀, ó fi ọwọ́ ra á, ó gbé e sábẹ́ imú onígbàjámọ̀.

"Áà! Àlùbọ́sà pọ́nbélé ni," onígbàjámọ̀ ní.

Dókítà Ewéko gbóòórùn tọwọ́ Ìyá Ìbejì, ojú rẹ̀ dàrú. Ó ronú díẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju ewé yẹn nù. Ẹ jẹ́ n gbóòórùn ọwọ́ yín lásán."

Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, kí lẹ ti ń ṣe láti àárọ̀?"

"Mo ń gé àlùbọ́sà," Ìyá Ìbejì ní, kó tó mọ ohun tó sọ.

Ẹ̀rín bú. Ìyá Ìbejì kò bá wọn rín. "Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ohun tó jọ àlùbọ́sà, àlùbọ́sà ni. Kí wá ni orúkọ tirẹ̀?"

"Ìyẹn gan-an ni kò tíì dá mi lójú," Dókítà Ewéko ní. "Àwọn tó jọra wọn báyìí pọ̀. Òmíràn kò ṣe nǹkan kan, òmíràn á yí ènìyàn nínú. Òdòdó rẹ̀ ni yóò sọ fún wa: ṣé ẹyọ kan ló ń wà lórí igi, àbí ọ̀pọ̀? Ṣé ó ń rùn dídùn, àbí kò ní òórùn? Ta ló ti rí i tó tanná?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó rí i rí. Gbogbo wọn ti ń gé e lórí, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn kó tó dàgbà.

"Ẹ rí i bẹ́ẹ̀?" Ìyá Ìbejì gbé agbọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. "Ọjọ́ tí ẹ bá mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi. Àwọn ọmọ mi ti ń bọ̀ láti iléèwé, omi mi sì ti ń hó lórí iná." Ó yíjú, ó ń lọ.

Màmá Àmín wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo agbọ̀n náà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tó wá wà lọ́jà tó ń wo òkè ńkọ́? Ó fẹ́ dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ tí kì í gbọ́ràn sí i lọ́jọ́ ire, kò gbọ́ràn sí i lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

"Ìyá Ìbejì! Ẹ gbé agbọ̀n yẹn kalẹ̀!"

Ìyá Ìbejì gbé e kalẹ̀ kó tó mọ̀.

"Mo ti rí i tó tanná," Màmá Àmín ní. "Funfun ni. Orí igi kan ṣoṣo, wọ́n á pọ̀ bí àwọn ọmọdé tó rọ̀ mọ́ fèrèsé. Òórùn rẹ̀ dùn. Ó ń tanná lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí."

"Níbo?" Bàbá Tíṣà bi í.

"Nínú yàrá tí àwọn oníbàárà mi ti ń wọ aṣọ wò."

"Ó wá dán aṣọ wò ni?"

Màmá Àmín ti yí padà. Ó wọlé, ó gbé bàsíà náà jáde, aṣọ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Aṣọ abẹ́ gáùn mi kọ́ nìyẹn?" Ìyá Ìbejì pariwo. "Èyí tẹ́ ẹ ní ẹ ṣì ń wá!"

"Òun ni. Ẹ má bínú."

Ó ká aṣọ náà kúrò. Ayaba dúró níbẹ̀, fìlà funfun lórí, òórùn rẹ̀ kárí gbogbo wọn. Dókítà Ewéko bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó kà á láti orí dé ìdí.

"Òun ni," ó ní. "Àlùbọ́sà ẹ̀tàn ni. Ó jọ àlùbọ́sà, kò rùn bí àlùbọ́sà, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n fi mú un wọ ọgbà, òun ló wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde."

Ìyá Ìbejì da agbọ̀n rẹ̀ nù bí ẹni tó bá àkekèé nínú rẹ̀.

Ojú gbogbo wọn kúrò lára òdòdó, ó bọ́ sára Màmá Àmín. Bàbá Tíṣà gbé ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni dúró níwájú pátákó. "'Kó má bẹ̀wẹ̀, kó má ránṣẹ́,'" ó ní jẹ́jẹ́. "Kí ló tẹ̀lé e, ẹ̀yin ènìyàn?"

"'Kó tu ti ojúlé!'" wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo gbọ́," Màmá Àmín ní. Omi ti lé sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò forí pamọ́. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Èmi ni mo fi kóró rẹ̀ sínú ìdì aṣọ yín láìmọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀, mo dákẹ́. Mo ń bẹ̀rù pé ẹ kò ní ṣe Àmín fún mi mọ́. N óò tu ú tán." Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀kan mú lẹ́sẹ̀ Bàbá Tíṣà.

"Ẹ má tu ú!" Dókítà Ewéko kígbe. Ó fi ìka tọ́ka sí ìdí rẹ̀. "Ẹ wo àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ bá ti fà á, wọ́n á já bọ́. Ẹ bá ti gbọ̀n ọ́n, wọ́n á fọ́n ká. Ẹ̀ ń tu ú, ó ń tú. Ẹ ò rí i pé ibi tí wọ́n ti tu ú jù ló ti pọ̀ jù?"

Gbogbo wọn wo pápá Bàbá Tíṣà, níbi tí Màmá Àmín ti ṣe ìtara jù lọ.

"Ìyẹn ni pé àdúrà náà..." Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó gbà," ọkọ Màmá Àmín dáhùn láti orí àtẹ̀gùn. "Ta ló ṣe Àmín lọ́nà ẹgbẹ̀rún?"

"Èmi ni."

"Ẹgbẹ̀rún náà ló hù sórí pápá yín."

Bàbá Tíṣà gbìyànjú láti bínú, kò rí i ṣe. Ẹ̀rín ti gbé e. Ó rín títí ó fi jókòó sórí koríko tí kì í jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni jókòó sí. Ìyá Ìbejì pàápàá gbàgbé aṣọ abẹ́ gáùn rẹ̀.

"Kí la ó wá ṣe?" onígbàjámọ̀ bi Dókítà Ewéko.

"Ẹ wà á pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó yí i ká, láì gbọ̀n ọ́n. Ẹ kó o sínú àpò tó nípọn, kí ẹ rán ẹnu rẹ̀ pa, kí oòrùn sè é síbẹ̀. Ibi tó bá pọ̀ jù, aṣọ dúdú tó nípọn lẹ ó dà bò ó fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo òdòdó tó bá yọ, ẹ gé e kó tó so. Ẹ ó ṣe é lọ́dún yìí, ẹ ó sì tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀."

"Rírán," Màmá Àmín ní. Ó nu ojú rẹ̀. "Rírán ni mo gbọ́ yẹn?"

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un èyí tó máa kọ́kọ́ rán. Ó da Ayaba sínú àpò, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. "Abiyamọ abẹ́ ilẹ̀," ó ní fún un, "o gbọ́ tèmi jù. Ó tó gẹ́ẹ́." Ó rán ẹnu àpò náà ní ìránlé ìránlé, kò wo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó já òwú, Ìyá Ìbejì tẹ̀ ẹ́ léjìká. "Iṣẹ́ yìí pọ̀. Ẹ gbàdúrà sí i fún wa."

"Ẹ̀yin ṣì fẹ́ kí èmi gbàdúrà?"

"A fẹ́," Bàbá Tíṣà ní. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa ná, ká yẹ̀ ẹ́ wò."

Màmá Àmín ronú. "Ọlọ́run, ṣọ́ ẹnu mi, bùkún ọwọ́ mi."

Wọ́n fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ ní òun kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní apá àkọ́kọ́ ti pẹ́ jù kó tó dé.

"Àmín," wọ́n ní, jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó fi iye kankan kún un.

Orí pápá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé ṣọ́bìrì, ó wa ìṣù iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹni gbé ẹyin, ó sọ̀ ọ́ sínú àpò.

"Èmi ò bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ o," Màmá Àmín ní.

"Ta ló ní ẹ bẹ̀ mí? Èmi ni mo bẹ ara mi."

"Ẹ di ẹnu àpò mú dáadáa nígbà náà."

"Mo ti dì í mú."

"Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ dì mú, Tíṣà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ń yanu sí wa."

"Níbo?"

"Ibẹ̀ yẹn. Ẹ má mì í!"

Bàbá Tíṣà kò mì í. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu àpò pọ̀, ó há èémí mọ́ra, Màmá Àmín sì tọ́ òwú lá, ó fi bọ ojú abẹ́rẹ́.